Èékánná Tí Mo Tọrọ Lọ́wọ́ Ẹyẹ Òkun

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni tákàbà. Ẹni tí kò ṣe é rí ló máa ń sọ pé kò pẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, nínú ọyẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ fi mí sí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn òpópónà Adéníji Adélé. Mi ò gbọdọ̀ jáde, mi ò gbọdọ̀ lé tìróò, mi ò gbọdọ̀ lo làálì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, ló ń ṣọ́ mi. Ká ní báńkì ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ni, olè ò ní yà síbẹ̀ láéláé.

Fèrèsé kan ṣoṣo ni mo ní. Téèyàn bá na ọrùn díẹ̀, á rí ọ̀sà láàárín ilé méjì. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ẹyẹ náà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gba ọ̀nà òkun wọlé, funfun lọ súà, wọ́n á máa yí po lórí ibi tí ẹja ṣáwá bá ti ru sókè. Ọ̀kan á pa ìyẹ́ dé, á já wọnú omi bí òkúta, á sì jáde tòun tẹja lẹ́nu. Kó tó gbé e mì, àìmọye ti já tẹ̀ lé e. Omi á máa hó. Mo jowú wọn, kí n má purọ́. Èmi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá bí ẹlẹ́wọ̀n, mò ń wo ẹni tó ń jẹun níbi tó wù ú.

Lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìka sí wọn, bí a ṣe máa ń ṣe sí lékeléke nígbà tí a wà lọ́mọdé, pé kó fún wa ní èékánná funfun. Mo ní tí wọ́n bá fún mi ní ẹyọ kan péré, á jẹ́ pé ẹnì kan níta ṣì ń rí mi.

Àfi tí ilẹ̀kùn dún gbàgà lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó wa, ta lò ń juwọ́ pè?"

Àǹtí yọjú wo ìsàlẹ̀. Onígbàjámọ̀ òdìkejì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń nu bàtà.

"Haa! Onígbàjámọ̀ kẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Lékeléke ni mò ń tọrọ èékánná lọ́wọ́ wọn."

Ó wo ọ̀sà, ó wò mí. "Lékeléke ń já sómi bí? Ẹyẹ òkun nìyẹn. Wọn kì í fún èèyàn ní nǹkan kan. Wọ́n á jẹun tán, òjò á dé, wọ́n á lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí mú káfíńtà wá, ó fi ìṣó kan pákó mọ́ fèrèsé. Ariwo àwọn ẹyẹ náà nìkan ló kù fún mi, mo sì máa ń fetí lé pákó. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ariwo náà dín kù, títí mi ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Inú bí mi sí òjò, inú bí mi sí Àǹtí, inú bí mi sí ọkọ mi tó lọ.

Ọjọ́ tí tákàbà parí, wọ́n yọ ìṣó. Ọ̀sà ṣófo. Àǹtí gbé làálì wá, ó ní kí n mú ọwọ́ wá. Mo kọ́kọ́ wo èékánná mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bú sẹ́kún, èmi tí wọ́n ní mi ò sunkún tó nígbà tí wọ́n ń gbé ọkọ mi lọ.

"Wọn ò fún mi, Àǹtí."

Kò bi mí pé àwọn wo. Ó gbé àtàǹpàkò mi sún mọ́ ojú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Òun rèé níbí," ó ní. "Mi ò ní fi làálì kan eléyìí."

Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.