Gbòǹgbò Asofẹ́yẹjẹ

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá mi ni tèmi kó o bá.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo lọ ṣọdún Iléyá lọ́dọ̀ ìyá mi ní Komu, mo jókòó, mo ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Mo ní èròjà kan wà tó ń jẹ́ índóólì, bí òrùka méjì tó so kọ́ra ló rí. Ó wà nínú aró tí wọ́n fi ń rẹ òwú aṣọ òkè, ó wà nínú òórùn ìgbẹ́, ó sì wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí òyìnbó ti fa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan yọ. Ìyá mi, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kàn mi orí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo padà dé lọ́sàn-án Sátidé. Màámi fẹ̀yìn ti ògiri, imú wọn dí, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu wọn, ọwọ́ wọn tutù.

Mo gbaná jẹ. "Màámi, ẹ ò lo oògùn yín, àbí? Ṣé ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mo bó hóró méjì nínú oògùn ọsibítù wọn fún wọn pẹ̀lú omi, wọ́n wò mí, wọ́n gbé e mì.

Ìgbà tí mo dá ife padà sídìí àmù ni mo rí ìgò kan. Gbòǹgbò gígé ló wà nínú rẹ̀, omi rẹ̀ pupa rúsúrúsú.

"Kí lèyí?"

"Asofẹ́yẹjẹ ni. Àràárọ̀ ni mò ń mu ún. Orúkọ rẹ̀ ṣáà ti sọ ọ́: ó so fẹ́yẹ jẹ. Ohun tí ẹyẹ jẹ tí kò kú, kí ló fẹ́ fi èèyàn ṣe?"

"Èso ni ẹyẹ ń jẹ, Màámi! Ẹyẹ wo ló ń hú gbòǹgbò?"

Yéè, mo gbé! Gbòǹgbò ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, hóró náà ń fà á wálẹ̀, ọwọ́ èmi gan-an ni mo fi gbé ọ̀kan lé èkejì. Mo figbe pe ọlọ́kadà. Mo gbé Màámi sáàárín wa, orí wọn ń ṣubú lé mi láyà. "Ẹ má sùn o, Màámi, ẹ dákun." Nígbà tó yá, wọn ò dá mi lóhùn mọ́.

Ní ọsibítù, mo sọ ti gbòǹgbò àti hóró fún nọ́ọ̀sì. Ó wo ìfúnpá wọn, ó tún un wò. Ó gbé ẹsẹ̀ wọn ga, ó fa omi sí wọn lára. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jókòó. Wọ́n ti kírun Alásárì tán kí Màámi tó lajú.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa mu gbòǹgbò?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

Mo wolẹ̀. Mò ń bẹ Ọlọ́hun nínú pé kí wọ́n parọ́.

Ìyá mi nàka sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi yìí ni. Tíṣà ni. Ó mọ̀wé gan-an."