Ìyáàfin Bọ́látitó àti Òfin Ẹnu Géètì

Ìyáàfin Bọ́látitó Oyèníran fẹ́ràn aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ju bí àwọn ọmọ tó ń wọ̀ ọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó nídìí. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, aṣọ ìróde òun fúnra rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ọmọ tí òbí wọn wà ní Àbíjàn a máa wọ oríṣiríṣi aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun á sì fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Ajé, ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn á wọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè wò wọ́n lójú kó mọ ọmọ tó jẹun àti èyí tí kò jẹ. “Òfin aṣọ yẹn ló jẹ́ kí n lè gbórí sókè,” ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó kéré sí i.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti ń kọ́ni ní Isundunrin fi gbé iṣẹ́ ẹnu géètì lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwálé, kọ òfin tuntun sínú ìwé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì: irun gígẹ̀ mọ́lẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì tó bo orúnkún, sáńdà búráùn. Ẹni tí kò bá múra bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Odindi ọdún kan ni Bọ́látitó fi ń dúró síbẹ̀ láàárọ̀, kò sì gba ẹ̀bẹ̀ ọmọ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ti tálákà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, Kàdíjà ló kẹ́yìn dé. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní abúlé kan tó tó máìlì mẹ́ta sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n silípáàsì rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, okùn sáńdà mi ló já. Màmá àgbà ti gbé e lọ fún ẹni tó ń rán bàtà.”

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?”

Kàdíjà wo ìwé ara géètì. “Sáńdà búráùn, mà.”

“O mọ̀ ọ́n kà. Padà sílé.”

“Mà, ọ̀nà yẹn ti dá báyìí, kò sí ẹnì kankan—”

“Mo ní kí o padà.”

Bọ́látitó ti géètì, ó sì lọ kọ́ kíláàsì rẹ̀. Kò tún ronú kan ọmọ náà mọ́ títí aago mẹ́wàá fi kọjá, nígbà tí wọ́n wá pè é pé ìyá àgbàlagbà kan ń dúró ní géètì. Sàfúrátù, ìyá àgbà Kàdíjà ni. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọkadà, ó di sáńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mú nínú ọ̀rá.

“Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi fún Kàdíjà ní bàtà rẹ̀. Ilé ni mo ti ń bọ̀, mo lọ gbé ìborùn mi.”

“Ẹ ti ilé bọ̀, Màmá? Ẹ ò bá a níbẹ̀?”

“Kí ló máa lọ ṣe nílé?”

“Wọ́n ní kó padà nítorí silípáàsì. Láti aago mẹ́jọ.”

Ọ̀rá bọ́ lọ́wọ́ Sàfúrátù. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ni gbogbo ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti dẹ́kun lílọ sóko láwọn nìkan. Ọmọ tó bá yára rìn á dé ilé láàárín wákàtí kan. Wákàtí méjì ti lọ. Ojú títì ni ọkadà Sàfúrátù sì gbà, kò pàdé ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà inú oko nìkan ló kù.

Bọ́látitó kò dúró gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó gun ọkadà náà sẹ́yìn Sàfúrátù. Hamid, ọlọ́kadà, yà sínú oko kaṣú, ó rọra ń gùn ún, àwọn obìnrin méjèèjì sì ń pariwo orúkọ ọmọ náà. Igi kaṣú ta kókó mọ́ra wọn lókè, abẹ́ wọn ṣókùnkùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúmọ́ ti mọ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n dé etí odò kékeré kan, Hamid pa ẹ́ńjìnnì.

“Màmá, ṣé ti ọmọ yín nìyẹn?”

Silípáàsì kan wà nínú ẹrẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ipa táyà ọkadà mìíràn wà, ó ṣì tutù.

Sàfúrátù jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò sunkún, ó kàn ń pe orúkọ Ọlọ́run léraléra. Bọ́látitó di apá rẹ̀ mú, ó gbé e dìde. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbọ́ nínú orí rẹ̀, ohùn ara rẹ̀: mo ní kí o padà.

Hamid ló rí ipa ẹsẹ̀ tó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ipa ẹsẹ̀ kékeré, ọ̀kan láìsí bàtà. Wọ́n tọ̀ ọ́ títí wọ́n fi já sí abà Ìdí-Ayùnrẹ́, ilé amọ̀ mẹ́fà péré. Níwájú ilé àkọ́kọ́, Kàdíjà jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Sàfúrátù sáré, ó fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á látorí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọgbẹ́.

Ọkùnrin méjì ni ọmọ náà rí létí odò, pẹ̀lú ọkadà àti àdá. Wọ́n pè é. Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, ó sá.

“Ó yá, ọmọ mi, ká máa lọ,” ni Sàfúrátù wí.

“Kò tíì lè lọ.” Baálẹ̀ abà náà ló sọ̀rọ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àpótí. “Òfin tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ ni. Ọmọ tó bá sá dé ọ̀dọ̀ wa kì í jáde títí ẹni tó lé e yóò fi wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi lé e. Ta ló lé ọmọ yìí sójú ọ̀nà?”

Bọ́látitó kúnlẹ̀. “Bàbá, wọ́n ní kó padà nítorí bàtà.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

Ẹ̀rù bà á ju ti etí odò lọ. Ó wo Sàfúrátù, Sàfúrátù náà ń wò ó.

“Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni, Bàbá.”

“Mi ò bèèrè òfin. Ẹnu ta ló ti jáde?”

“Ẹnu mi ni.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ó sọ fún mi pé ọ̀nà dá. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.”

Baálẹ̀ mi orí. Ìgbà náà ni Sàfúrátù dìde.

“Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ló ti wà níbí?”

“Kò pẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ.”

“Ẹ sì ní fóònù lápò. Ó mọ nọ́ńbà mi lórí.”

“Ó sọ ọ́ fún wa,” bàbá náà dáhùn jẹ́jẹ́. “A kì í ránṣẹ́. Ńṣe là ń dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

“Òfin Tísà lé e jáde, tiyín tì í mọ́lé, èmi sì ń kú lọ létí odò.”

Baálẹ̀ dìde lórí àpótí, ó ní kí wọ́n máa mú ọmọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́látitó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláwálé pé òun kò ní lé ọmọ kankan sẹ́yìn géètì mọ́. Ọ̀gá bínú, ó ní kó kọ̀wé ṣàlàyé ìdí tó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ó kọ ọ́, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. “Èmi ni mo lé e” ni gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí pé jọ lọ́sẹ̀ kẹta, Sàfúrátù dìde sọ ohun tójú rẹ̀ rí, ìpàdé náà sì dàrú. Òfin aṣọ kò kúrò, Bọ́látitó gan-an kò fẹ́ kó kúrò. Wọ́n kàn pa gbólóhùn ìkẹyìn rẹ́: gbogbo ọmọ ló ń wọlé báyìí, inú ọgbà ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ bàtà.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí dòní ẹni tí àwọn ọkùnrin méjì yẹn jẹ́. Ó lè jẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n. Kàdíjà kò gba ọ̀nà oko mọ́, kì í sì í wo ojú Bọ́látitó nígbà tó bá ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Bọ́látitó kò dá a lẹ́bi. Àmọ́ láwọn àárọ̀ tí òjò bá rọ̀ tí ọmọ náà sì pẹ́, ó máa ń jáde sójú títì pẹ̀lú agbòòrùn, yóò dúró síbẹ̀, ọwọ́ láyà, yóò máa wo ọ̀ọ́kán.