Ìjà Tí Kò Sí Nínú Ìwé Eré

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀nà tí mo ń gbà kọ̀wé yìí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, ìwé kíkọ kò sì mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ wa ní Sharjah lẹ ní kí n yan àwọn eré tuntun tó dára fún yín, nítorí ẹ mọ̀ pé mo máa ń kà wọ́n. Mo ti yan mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, ojú á tì mí, mi ò ní sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Èkíní jẹ́ ti obìnrin kan tó ń gbé ní Ìbàdàn, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ilé ìpẹran ni gbogbo eré náà ti wáyé, láti ìdájí títí di ọ̀sán. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta ń du ọ̀bẹ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹnì kan kú nínú rẹ̀, ẹ ò sì ní rí òkú. Omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ lẹ máa gbọ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á, síbẹ̀ mo tún un kà. Èkejì jẹ́ ti ọ̀dọ́kùnrin ará Èkó kan. Ẹ̀ṣọ́ méjì ń ṣọ́ ilé gogoro tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara wọn léṣe nítorí àga kan ṣoṣo. Ẹ máa rẹ́rìn-ín púpọ̀ kí ẹ tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò pani lẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì kò gba èèyàn púpọ̀, ẹ lè ṣe wọ́n nínú yàrá lásán.

Ẹ̀kẹta gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ọkùnrin tó kọ ọ́ ti di òǹkọ̀wé nílé báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣọ́ ni, a sì jọ ń gbé inú ilé kan ni. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, mo ní láti mú yín padà sí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai wó lulẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mọ bó ṣe rí. Àwọn kéréènì ìkọ́lé dúró lójú ọ̀run, kò sí èyí tó ń mira. Bàbá mi ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Industrial Area ní Sharjah. Àwọn oníbàárà láti Èkó kò wá mọ́, ni mo bá kúrò nílé-ìwé. Al Baraha ní Dubai la ń gbé, ìdílé mẹ́rin àti àpọ́n márùn-ún nínú ilé oníyàrá mẹ́ta. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi pín àwọn yàrá náà sí wẹ́wẹ́. Bí aládùúgbò bá sín, inú yàrá yín lẹ ti máa kí i.

Lẹ́yìn pákó tiwa ni tọkọtaya kan ń gbé. Wẹ́dà ni ọkọ, ó ń jó irin ní Sharjah kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ń tọ́jú yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Dubai Marina, iṣẹ́ tirẹ̀ kò bọ́. Láti ìgbà tó ti di pé ìyàwó nìkan ló ń jáde láàárọ̀ ni ọkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Obìnrin náà kì í pariwo. Ohun tí à ń gbọ́ ni orí tó ń lu pákó, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ tí a fi kọ́ níhà tiwa á sì máa mì. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o léjìká rí. Ó fọ́ ọ léyín kan. Ìyàwó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ìyá mi á gbá pákó, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó tó báyìí." Ọkọ á dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, mà." Lẹ́yìn náà, á tún lù ú.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pe ọlọ́pàá. Físà àwọn mẹ́fà nínú wa ti kú. Ilé tó yẹ kí ìdílé kan máa gbé, àwa bí ogún la kún inú rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn nítorí ẹnì kan, wàhálà gbogbo wa ni. Nítorí náà, àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n fi eré bá ọkùnrin náà wí, kí ó lè gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnì kan nàka sí i. Ẹ̀ṣọ́ tí mo sọ, tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ló kọ ọ́: ọkọ kan ń lu ìyàwó rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì níkẹyìn. Ọkọ gan-an ni wọ́n ní kó ṣe ọkọ, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe ìyàwó. Wọ́n ní bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú èrò, ojú á tì í, á jáwọ́. Ọkùnrin náà gbà tayọ̀tayọ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun.

Wákàtí méjìlá ni púpọ̀ nínú àwọn òṣèré wa fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, wọn ò ráyè kọ́ ọ̀rọ̀ wọn sórí. Èmi tí ìyá àgbà mi ti kọ́ ní Yorùbá kíkà ni wọ́n fi sẹ́yìn aṣọ ìtàgé, kí n máa ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn, torí kò sẹ́ni tó ń rí mi. Níbi ìjà, gbólóhùn kan péré ni ẹ̀gbọ́n kọ sínú ìwé: "Ó lù ú." A ò fi ìjà náà dánra wò rí. Bí a bá ti débẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní, "Khalas, ó tó, ẹ fò ó. Ta ni wọ́n ń kọ́ ní ìjà?" Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan la ṣe é, lẹ́yìn ìrun, nínú ilé ìkẹ́rùsí bàbá mi. Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹ́ńjìnnì àti táyà. Nígbà tó yá, ìyàwó ní láti sọ pé, "Ó ti rẹ̀ mí." Mo kà á sí i létí, ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Áyọ́ọ̀nù tí o fi jó mi, ọ̀gá mi ló ra oògùn rẹ̀. Oúnjẹ tí mo rà lò ń jẹ, eyín mi lò ń fọ́. Mo ti gba bedspace tí màá máa sùn sí níbòmíràn, mò ń lọ."

Mo wo ìwé. Kò sí níbẹ̀.

Èrò hó yèè. Ẹnì kan ní, "Sọ fún un, ìyàwó, kó gbọ́." Ọkọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀. Ó gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi irun wọ́ ọ lulẹ̀, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ kọnkéré, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé omi sobo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìyá kan ní ọkùnrin yẹn mọ eré ṣe, fíìmù ló yẹ ẹ́. Èmi tí mo mú ìwé lọ́wọ́ nìkan ni mo mọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò tètè jáde. Ìgbà mẹ́ta ló gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú mi kí n tó lè gbé aṣọ sókè kí n jáde síwájú èrò. Mo ní, "Kò sí nínú ìwé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé èmi náà wà nínú eré. Mo tún un sọ pẹ̀lú ẹkún. Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ ló kọ́kọ́ yé. Ó sáré wọ àárín wọn. Ọkọ fa irin tí wọ́n fi ń tú táyà, ó fi gbá a lágbọ̀n, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ìgbà yẹn ni àtẹ́wọ́ tó dáwọ́ dúró. Ọkùnrin márùn-ún ló dì í mú, wọ́n sì lu òun náà títí ojú rẹ̀ fi dí.

Nígbà tí a délé, àwọn àgbà jókòó. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ sí ọsibítù, torí wọ́n á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbòrí ìyá mi ni wọ́n fi di àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ inú ìwé eré ló sọ, kò fo ẹyọ kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí ìyàwó padà sí yàrá ọkọ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Orí ibùsùn mi ló dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, bí mo bá wọ yàrá yẹn lọ́la, wọ́n máa gbé mi jáde ni." 

Ọ̀la náà, kò wọ yàrá yẹn. Ọlọ́pàá ti dé. Wọ́n gbé òun àti ẹ̀gbọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n mú ọkọ, wọ́n sì yẹ ìwé gbogbo wa wò. Àwọn mẹ́fà tí físà wọn ti kú ni wọ́n dá padà sílé, ẹ̀gbọ́n wà nínú wọn, àgbọ̀n rẹ̀ kò tíì jinná. Ilé tú ká. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣépè fún ẹni tó lọ sọ. Olùṣọ́ géètì ilé wa ni wọ́n ń fura sí. Obìnrin yẹn wà láàyè, ó ti bí ọmọ méjì.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Ẹ ní gbọ̀ngàn, ẹ ní makirofóònù, ìwé ìgbélùú yín sì pé. Bí ẹnì kan bá gbá ìyàwó rẹ̀ létí, àwọn aládùúgbò á ti gbé fóònù. Nígbà tiwa, ìbẹ̀rù ìwé ìgbélùú ni a fi ń jókòó wo ẹni tó fẹ́ẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n náà ti yàtọ̀. Nínú eré tuntun rẹ̀ tí mo ní kí ẹ ṣe yìí, ojú ewé mẹ́rin ló fi kọ ìjà: ibi tí ọwọ́ máa dé, ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n ń lù máa sọ bó bá ń dùn ún lóòótọ́. Ẹ má fo ojú ewé mẹ́rin yẹn. Ẹ fi dánra wò títí á fi sú yín. Níparí eré náà, ẹnì kan lọ pe ọlọ́pàá, òǹkọ̀wé kò sì sọ ẹni tó jẹ́. Kò mọ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ kírun àsùbáà, mo wọ híjáàbù mi, mo gbé bàtà mi lọ́wọ́ títí mo fi dé ìsàlẹ̀, mo sì rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàábìnrin kan bi mí léèrè ní èdè Lárúbáwá, ó tún bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ ti sá lọ. Mo na ọwọ́ gba bírò rẹ̀, mo kọ orúkọ àdúgbò wa, mo kọ nọ́ńbà ilé, mo fi ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà tó ta sára aṣọ mi hàn án, mo sì dúró níbẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi wọ ọkọ̀.