Rọ́bà Abẹ́ Píkọ́ọ̀pù àti Àdúrà Ìyá Mi

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù ọkùnrin mìíràn, wọ́n sì pè é ní "ọkọ mi." Mo wà lójú fèrèsé wa lókè, mo fi kọ́tìnì bora, mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín lọ síbi tí kò yẹ. Ìyá mi ti dàgbà gidi, ọmọkùnrin náà kò sì tó mi lọ́jọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń pe ọmọkùnrin tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ohun tó dùn mí ni pé èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò, n kò sì mọ ọjọ́ tí a pín oyè náà sí méjì.

Peckham ní London là ń gbé, nínú ẹ́sítéètì kan tí kò jìnnà sí Rye Lane. Mo kàwé dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ni mò ń kó kiri báyìí. Iṣu, ẹja gbígbẹ àti àpò gàrí ni mò ń kó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, píkọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ni mo sì fi ń ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, màá pa iṣẹ́ tì, màá gbé ìyá mi lọ sí mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn New Cross. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọn á di ilẹ̀kùn mú, wọn á ṣàdúrà fún ẹni tó gbé wọn wá. Láti ilé ni wọ́n ti mú àṣà náà wá. Àwọn oníbọ́ọ̀sì London pàápàá ti jẹ nínú rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Tèmi kì í pẹ́. "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Gbé báàgì mi wá." Ó parí nìyẹn. Mo ti rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣàdúrà fún ọmọ inú ẹni nìyẹn, pé nǹkan tó bá ti wà nílẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àfi ọjọ́ tí mò ń wí yìí, tí ìyá mi di ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù aládùúgbò wa mú. Wọ́n ṣàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ṣe é fún ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣe é fún ìyàwó tí kò tíì fẹ́ àti àwọn ọmọ tí ìyàwó náà kò tíì bí. Wọ́n tún wá ṣe é fún ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko. Ó ń dáhùn "Àmín, Mummy, àmín" bí ẹni tó ń jẹ àkàrà gbígbóná. Tíì tí mo gbé dání tutù sí mi lọ́wọ́.

Abẹ́ wa gan-an, ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ni aládùúgbò yìí ń gbé. London ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ máa ń fò bí ẹni tó ń fo kòtò, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ rẹ̀ pé. Ọgbà àwọn ará Brockley ló ń tún ṣe. Irú píkọ́ọ̀pù kan náà la ní, wọn ò ju ara wọn lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn la sì ń gbé wọn sí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tirẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́, tèmi ń pariwo bí ìkòkò tó ń yí bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ibi tí awakọ̀ àti èrò ń jókòó sí nínú píkọ́ọ̀pù kò lẹ̀ mọ́ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí àwọn rọ́bà roboto kan ló jókòó lé, nọ́ọ̀tì gígùn sì gba àárín wọn kọjá. Búṣíìnì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bí rọ́bà náà bá gbó, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í bá irin jà. Ọmọkùnrin náà ti pààrọ̀ tirẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn ṣì ń ràn dáadáa, ó sì ní kí n jẹ́ kí a jọ ṣe tèmi. Mo dá a lóhùn pé píkọ́ọ̀pù tèmi ń sọ̀rọ̀ ni, tirẹ̀ ló ya odi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ká mi mọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí aládùúgbò wa yìí bá mi gbé ìyá mi lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ti wọ ìborùn wọn, wọ́n ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní, "Sinmi, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ ti pọ̀ jù. Ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn kúkú ń lọ síbẹ̀." Ta ni kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìyá mi ò ní sọ fún mi láéláé pé mọ́tò mi ò dára. Wọn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi ni.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gba àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Mo fọ píkọ́ọ̀pù tinú tòde. Mo ra tìmùtìmù, mo tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ìyá mi. Mo so nǹkan olóòórùn dídùn kan mọ́ dígí. Ìyá mi fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sín láti Peckham dé New Cross. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, mo yí sí àléébù wíwá. Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ pé táyà ẹ̀yìn ọmọkùnrin náà dà bí ẹni pé ó ti rọ̀. Ìyá mi ní táyà náà le, àwọn ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi, ń kó àwo nílẹ̀.

Ó ní, "Daddy, gbogbo ìgbà tí ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi fi ń gbé mi wálé nínú òjò, ẹ ò ra tìmùtìmù."

Ọ̀rọ̀ wà, ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó wá lé mi sáré ni Ìléyá tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ìléyá, gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ibẹ̀ sì ni ìyá mi ti máa ń ṣe àdúrà ọdún fún ẹni tó gbé wọn wá, lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn á bi mí bóyá mo rin ìrìn àjò ni. Mo ra àwọn rọ́bà tuntun. Mo dúró kí ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ lọ sí Brockley láàárọ̀ Sátidé, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lémi nìkan.

Mo yọ ìjókòó, mo ká kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn nọ́ọ̀tì ti dípẹtà. Mo da òróró sí wọn, mo mu tíì, mo tún da òmíràn. Mo fi pákó lé orí jáàkì kí ara mọ́tò má bàa tẹ̀ wọnú. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí mo fi gbé sípánà. Orí nọ́ọ̀tì wà nínú mọ́tò, ìdí rẹ̀ wà lábẹ́. Mo dì í mú lókè, ìsàlẹ̀ ń yí. Mo wọ abẹ́ lọ, òkè ń yí. Mo ń gòkè, mò ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan tí kò sì mọ ohun tó gbàgbé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi wà lójú fèrèsé, wọ́n ń wò mí.

Òjò lé ọmọkùnrin náà kúrò ní Brockley. Ó rí mi, ó dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó wọ abẹ́ mọ́tò mi.

"Ẹ dì í mú lókè, ẹ̀gbọ́n."

Mo dì í mú. Sípánà rẹ̀ gùn ju tèmi lọ, mo jowú ìyẹn náà. Nọ́ọ̀tì kọ́kọ́ ké, ó wá tú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín láti abẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà ta lẹ fi pamọ́ síbí?"

Sìlípáàsì ni. Nígbà tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀, mo ṣe bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe nílé: mo gé sìlípáàsì ilé ìwẹ̀ mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo kì í bọ àárín irin. Mo ṣàlàyé fún un pé ọgbọ́n ilé nìyẹn, pé ẹni tí wọ́n bí sí London kò lè mọ̀ ọ́n. Ó ní ó mà dáa o. Ó wọ́ lọ sí apá kejì, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Apá ibi tí ẹ̀yin jókòó sí nìkan lẹ fi sí. Ọ̀dọ̀ Mummy, irin lórí irin ni."

Mo ní ẹsẹ̀ kan ló kù nínú bàtà náà.

"Ẹ̀yin wá wọ bàtà, Mummy ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Mo mú rọ́bà tuntun, mo ń fà á lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n má tíì fún nọ́ọ̀tì kankan, kí gbogbo wọn kọ́kọ́ jókòó sáyè wọn. Mo ti fún ti apá ọ̀dọ̀ mi ní tèmi, ìkánjú ni. Ilẹ̀kùn kọ̀, kò pa dé. A tú u, a tún un ṣe. Nígbà tí a parí, ìyá mi ṣí fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi."

Àwa méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. A wo ara wa. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìléyá, ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ kó kúlà oúnjẹ mọ́sáláṣí sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wa bọ̀. A gun òkìtì àkọ́kọ́ tí kánsù mọ sójú títì, mọ́tò lọ sókè, ó bọ̀ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mò ń retí kí ìyá mi yìn mí. Tẹ̀sùbáà wọn ni wọ́n ń kà, ẹnu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí iná pupa dá wa dúró ní New Cross, wọ́n ká a sínú ọwọ́.

Mo ní, "Ẹ ti kà á tán?"

"Mo ti kà á tán. Nínú mọ́tò rẹ tẹ́lẹ̀, gbogbo òkìtì ló ń já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Màá tún padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí ẹ̀ ni mo ṣì máa ń wà tí a ó fi dé, kò wá sí àyè láti ṣe àdúrà tó gùn fún ọ."

Èmi tí mo ti ń bínú sí ẹ̀rọ ìgékoríko.

Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Àdúrà bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ tó fi tú nọ́ọ̀tì. Mo ṣe àmín rẹ̀, mo rọra kùn ún sínú ni. Wọ́n ṣe é fún ìyàwó mi. Wọ́n wá ní, "Àti ọkọ mi yìí, tó ń gbé mi lọ yìí," ìgbà yẹn gan-an ni iná di àwọ̀ ewé.

Mi ò kúrò lójú kan. Wọ́n ṣàdúrà fún ọwọ́ mi, wọ́n ṣe é fún ẹsẹ̀ mi, wọ́n dé orí iṣu tí mò ń kó. Àmín mi ń gba gbogbo inú mọ́tò. Ẹnì kan ń fọn fèrè mọ́tò lẹ́yìn wa, ó tún fọn ọ́n. Mo wo dígí. Píkọ́ọ̀pù ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ ni.

Mo jẹ́ kó máa fọn ọ́n.