Ìwé Ìdánwò Tí Wọ́n Fi Wé Ẹ̀pà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Èjìgbò ti Èkó, òórùn ọbẹ̀ ló máa ń pàdé àwọn ojúgbà mi bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Ní tèmi, yíǹkì àti kẹrosíìnì ló ń kí mi káàbọ̀, nítorí iwájú ilé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé bàbá mi wà. Ẹ̀rọ dúdú kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo abọ́ màmá mi á máa gbọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè jọba nínú ilé. Tiwa ni “tẹ̀.” Bí bàbá mi bá ní, “Rẹ̀mí, wá bá mi tẹ̀ ẹ́,” ẹsẹ̀ mi ló ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Bí oníbàárà bá ní, “Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́?” ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀ ló ń béèrè. Màmá mi tó ń di ìwé pọ̀ náà ní irin kan tó ń yí lọ́rùn, ìyẹn ló fi ń tẹ ìwé kó lè pẹlẹbẹ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́ ni “àtúntẹ̀,” torí ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ba iṣẹ́ jẹ́, èmi ni ẹni náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyà mi ni kí n ṣa lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé tó bá dà sílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òdìkejì ni lẹ́tà wọ̀nyẹn máa ń kọjú sí, nítorí náà mo mọ ìwé kà sẹ́yìn kí n tó mọ̀ ọ́n kà síwájú.

Ìwé tó bá bàjẹ́ kì í ṣòfò. Àṣà àwọn atẹ̀wé àdúgbò wa ni kí wọ́n kó o fún ẹni tó ń ta nǹkan jíjẹ. Ìyá Sàláwà ẹlẹ́pà ló ni tiwa, èmi ni mo sì ń gbé e lọ, torí òun náà á bu ẹ̀pà sí mi lápò. Ìwé kan ṣoṣo ni kì í débẹ̀: ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé wa, tí bàbá mi ń tẹ̀ ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró. Èyí tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń sun ún lẹ́yìnkùlé, á sì dúró tì í títí á fi di eérú.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò kan, òjò kò jẹ́ kí iná ràn. Bàbá mi kó ìwé náà sínú garawa, ó dé e, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀pà wá ń wù mí jẹ. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: ṣebí ìwé tó bàjẹ́ ni ìwé tó bàjẹ́. Mo kó o, mo fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, mo sì gba ẹ̀pà tó pọ̀ débi pé àpò mi ya. Kí n má parọ́, mo ka ìṣirò tó wà lókè kí n tó gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi dáná sun kàlẹ́ńdà náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀pà ti tán lórí àtẹ Ìyá Sàláwà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń rà á ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń da ẹ̀pà nù, wọ́n ń tọ́jú ìwé. Ìyá Sàláwà tí kò mọ̀wé kà rò pé àdúrà òun ló gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá dúpẹ́.

“Bàbá Rẹ̀mí, ìwé yín tọ̀tẹ̀ yìí mú oríire wá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wá irú ẹ̀.”

Bàbá mi gba ẹ̀pà kan tó ti yà sọ́tọ̀ fún wa lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó kà á. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

Mo ti ń múra sílẹ̀ de pàṣán, ṣùgbọ́n kò nà mí. A fẹsẹ̀ rìn dé Ìsọlọ̀, nílé ọ̀gá ilé ìwé wa, ó sì ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo sọ ọ́, mo tilẹ̀ sọ ti àpò mi tó ya mọ́ ọn. Obìnrin náà yíjú sí bàbá mi.

“Bàbá Rẹ̀mí, ká ní ẹ ò sọ ọ́ ni, a kì bá tí mọ̀.”

“Èmi ti mọ̀, mà,” ni bàbá mi dáhùn.

Àwọn olùkọ́ kọ ìbéèrè tuntun, bàbá mi sì ṣe àtúntẹ̀ pẹ̀lú ìwé òun àti yíǹkì òun. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹsẹ̀ mi ló tẹ ẹ̀rọ náà.

Ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ni mo gbà. Ní táàmù tó tẹ̀lé e, ilé ìwé gbé iṣẹ́ wọn fún atẹ̀wé mìíràn, bàbá mi kò sì bá mi sọ ọ́ rí. Nígbà tí mo mú káàdì èsì ìdánwò mi ti táàmù náà wálé, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀, yíǹkì tí atẹ̀wé tuntun náà fi tẹ̀ ẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. “Wọn ò jẹ́ kó gbẹ,” ló wí, ó sì buwọ́ lù ú. Ó dùn mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ti lọ sunkún.

Lónìí, orí fóònù ni ìbéèrè ìdánwò ń gbà jáde, kò nílò ẹlẹ́pà mọ́. Lọ́dún tó kọjá, òbí kan fi ti kíláàsì ọmọ mi ránṣẹ́ sí gbogbo àwa òbí yòókù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ṣe é. Mo pe tíṣà ọmọ mi.

“Mọ́mì, ẹ má da ara yín láàmú,” ni tíṣà náà wí. “Gbogbo wọn ló ti rí i.”

Ọmọ mi jókòó, ó ń wò mí. Mo gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́. Ipò kejì ló gbà. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó gbàdúrà fún un títí, èmi kò sì lè wo ojú rẹ̀.