Ọdún Tí Ohùn Mi Há

Ìyànà Ọ̀fà là ń gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà ẹ̀bá títì. Ilé pẹlẹbẹ kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni a gba yàrá sí, kànga sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà yẹn, orin ló fi máa mọ̀ mí. Bàbá mi ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, orí àpótí tí wọ́n gbé mi dúró lé ni mo ti kọ́kọ́ dá orin fún ìjọ. Nígbà tí a kó dé Ìyànà Ọ̀fà, kò pẹ́ rárá tí mo fi di aṣáájú àwọn tó ń kọ tírébù, ohùn òkè, ní ìjọ tí à ń lọ níbẹ̀. Bí mo bá ń kọrin lọ́wọ́ nídìí kànga, àwọn ará ilé á dá ọ̀rọ̀ wọn dúró. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́, inú mi sì máa ń dùn.

Gẹ̀gẹ̀ ló wá yọ sí mi lọ́rùn. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹyin ẹyẹlé, mo ń fi ìborùn bò ó. Nígbà tó di pé òkèlè ń há mi lọ́fun, ọkọ mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, àpá tó fi sílẹ̀ kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu láti kí nọ́ọ̀sì tó wá wò mí láàárọ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Dókítà jókòó tì mí, ó ṣàlàyé pé iṣan tó ń bá ohùn ṣiṣẹ́ sún mọ́ ibi tí gẹ̀gẹ̀ náà wà gan-an. Ó ní nígbà mìíràn ohùn á padà bọ̀ sípò, nígbà mìíràn kì í padà tán.

“Ẹ ṣe sùúrù, màdáámù,” ló wí. “Ẹ má fipá sọ̀rọ̀.”

Ohùn tó padà wá nígbà tó yá, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá orí símẹ́ńtì ló rí.

Ní ilé ìwé, nǹkan kò burú tó bí mo ṣe bẹ̀rù. Àwọn ọmọ rí i pé bí àwọn bá ń pariwo, àwọn kò ní gbọ́ ìtàn tí mo ń sọ, ni wọ́n bá ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Kíláàsì mi ló wá dákẹ́ jù níbẹ̀. Ọ̀gá wa a máa bá mi ṣàwàdà pé òun náà ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tòun.

Ilé Ọlọ́run ló burú. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo padà lọ, mo wọ aṣọ akọrin mi, mo dúró sí àyè mi. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, mo gbìyànjú láti gbé e, ohùn mi já bí okùn tó gbó. Arábìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Àánú ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí, nítòsí ilẹ̀kùn, bí àlejò. Olùṣọ́-àgùntàn wá sílé, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n má sọ ìrètí nù. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ohun tí mo ń sọ ni pé: Olúwa, ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí mo ní tí mo lè fún ọ, òun náà ló lọ yìí. Kí ni mo tún fẹ́ wá máa ṣe níbí?

Ìyá onílé wa ló gbọ́ ohun tí mi ò sọ síta. Aládúrà ni wọ́n, ìjọ aláṣọ funfun. Iṣẹ́ gàrí ni wọ́n ń ṣe, òórùn èéfín agbada gàrí kì í kúrò lára wọn àfi lọ́jọ́ Ìsinmi. Obìnrin kúkúrú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n gbé korobá dání.

“Tíṣà, ẹ̀wà tí o ti ṣà lo tún ń ṣà yẹn.”

Mo wo àwo ọwọ́ mi, òótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ rò pé ohùn mi á padà?”

Wọ́n gbé korobá sílẹ̀.

“Mò ń gbàdúrà sí i. Ojoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ríran sí i, mi ò sì ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohùn rẹ ló há, ọwọ́ rẹ ò há. Dìde, bá mi gbé omi.”

Mo bi wọ́n léèrè ibi tí à ń lọ. Wọ́n ní ìyá kan wà lọ́nà oko, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n Sátidé ni ọjọ́ tí ọjà máa ń kún, ọmọ náà kò sì lè wà níbi méjì. Wọ́n ní àwọn ló ti ń lọ wẹ ìyá náà láràárọ̀ Sátidé. “Ẹ̀yìn ti ń dùn mí,” ni wọ́n wí. “Ìyá náà sì sanra.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìran kankan, ìyá arúgbó kan tí ẹ̀yìn ń dùn ni.

Inú yàrá ṣókùnkùn kan tó ní fèrèsé onípákó la ti bá a. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló fi kiri ẹ̀kọ kí àìsàn tó dé, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ló kù. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, “bẹ́ẹ̀ ni” náà ni yóò sọ, á wá máa mi orí, inú á sì máa bí i sí ẹnu ara rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí. Mo mọ ojú yẹn. Inú dígí mi ni mo ti ń rí i.

Ìyá onílé gbá yàrá, wọ́n da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù, wọ́n sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn láìfà á lápá. A fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀ ẹ́, a pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mo di irun rẹ̀. Kò sí ẹni tó wàásù. Nígbà tí a parí, ìyá onílé kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà kúkúrú tí kò ju kí ènìyàn mu omi tán lọ, a sì jáde. Lójú ọ̀nà, mo rí i pé láti àárọ̀ mi ò tíì rántí ọ̀fun mi.

Bí a ṣe ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Arábìnrin kan ní ìjọ wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ìsìn, ó ní àwọn ti gbọ́ pé àwọn aláṣọ funfun ni mò ń bá kiri báyìí. Mo sọ fún ìyá onílé. Mo rò pé inú á bí wọn. Wọ́n kàn ń ro gàrí inú agbada lọ.

“Aláìsàn kì í bèèrè ìjọ tí omi ìwẹ̀ òun ti wá,” ni wọ́n wí. “Ní kí òun náà máa bọ̀. Korobá pọ̀.”

Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sì wá lóòótọ́, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dání.

Nígbà ọyẹ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ara ìyá náà gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, mò ń fi òrí pa á. Ìyá onílé wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń sá aṣọ. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ara mi sì balẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Orin ọpẹ́ kúkúrú kan ni, irú èyí tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi mọ̀. Láti ọjọ́ tí ohùn mi já ní ilé Ọlọ́run, mi ò tíì kọ orin kankan. Ohùn mi ń fà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, mi ò sì bìkítà, ẹsẹ̀ ló wà lọ́kàn mi.

Mo gbọ́ ohùn kejì.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá onílé ló wọlé. Mo gbójú sókè. Ìyá tó dùbúlẹ̀ yẹn ló la ẹnu, tó ń bá mi gbé orin. Kì í ṣe kíkùn o. Ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ orin náà gan-an, wọ́n ń jáde ní kíkún, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Mo fẹ́ dákẹ́ torí ìyàlẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Mo bá ń kọ ọ́ lọ. A kọ ọ́ délẹ̀, a tún un kọ. Mo gbọ́ tí korobá ṣubú lẹ́yìnkùlé. Ìyá onílé yọ sí ẹnu ọ̀nà, omi ń kán lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n dara pọ̀ mọ́ wa nínú orin náà.

Nígbà tí a dákẹ́, mo kọjú sí aláìsàn wa, mo ní, “Màmá, ẹ kí wa.”

Ó mí kanlẹ̀, ó kó ara jọ, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ọmọ rẹ̀ ti ọjà dé, ó gbọ́ ariwo láti òde, ó sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣe ìyá òun. A kọ orin náà fún un. Nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà lórí.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa sọ pé àwọn ti rí irú rẹ̀ rí, pé ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Mo sọ fún ìyá onílé, wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ta ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?”

Láti ìgbà náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn orin kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. A fi orin bèèrè omi, a fi orin bèèrè oúnjẹ, a fi orin pe ọmọ rẹ̀. Ó ń gbà á díẹ̀díẹ̀, ó ń gbàgbé, ó tún ń rántí. Kò padà di ẹni tó lè ráhùn tàbí kó bá ènìyàn jà, ìyá onílé a sì máa sọ pé àǹfààní ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ọmọ náà sì sọ fún mi pé òun kò tún fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ohùn tèmi náà gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gun òkè mọ́. Olùdarí orin wa wá bá mi, ó ní ṣé mo lè dúró láàárín àwọn áótò, àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. Mo ní mo lè dúró. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ti ń kọ tiwọn láti ọjọ́ yìí wá, láìsí ẹni tó ń yíjú wò wọ́n, orin ìjọ ò sì lè dúró láìsí wọn. Àyè dídára ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí ọdún yẹn kọ́ mi kò pọ̀. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé Ọlọ́run a máa rán ẹni tó gbé korobá dání sí ẹni tó dákẹ́. Bí o bá sì ń wá ohun tí o máa fi sìn ín, wo ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ tó sún mọ́ ọ jù.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé ọkọ mi kúrò, a kó lọ sí Adégbayì. Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí a kó, òjò dé bá wa lọ́dọ̀ ìyá náà, a kò lè lọ. Ọmọ rẹ̀ sun àgbàdo tuntun fún wa. Ìyá onílé kò ní eyín tó lè jẹ ẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ yín in ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n sì ń fi sí ẹnu aláìsàn wa, ẹni tí eyín tirẹ̀ pé. Òjò ń lu páànù tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. A jókòó bẹ́ẹ̀, à ń jẹ àgbàdo, títí òjò fi dá.