Búṣì Ọkọ̀ Ogun

Ọmọ ogun ojú omi ni àbúrò mi. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ẹ́ńjìnnì wà. Dẹsitirọ́yà ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ ogun náà, ó sì ti gbó. Àwọn tó kàn án ò kan irú rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù ti di irin àlòkù, lára wọn ni wọ́n sì ti ń tú ohun tí wọ́n bá nílò, títí kò fi sí ohun tó kù láti tú. Ìyẹn ló gbé àbúrò mi dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gbẹ́ irin ní Àpòmù, pẹ̀lú búṣì idẹ kan tó ti jẹ. Inú búṣì yìí ni ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ ti ń yí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbẹ́ irú ẹ̀. A máa tó wọ omi."

Èmi tí mi ò mọ̀ ju búṣì ẹ̀rọ ata àti ẹ̀rọ gààrí lọ! Orí mi wú. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà; èyí tí mo gbẹ́ ò fi ìbú irun kan yàtọ̀ sí tàkọ́kọ́. Mo fi yangàn dé ọ̀dọ̀ ìyá wa ní Ìkirè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó ní ẹ̀rọ gààrí mú búṣì tirẹ̀ wá, ó ti jẹ. Ẹnu mi sọ ohun tó máa ń sọ lójoojúmọ́:

"Ọ̀pá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ẹ lọ gbé e wá. Búṣì tó bá ti jẹ, ihò ẹ̀ ti fẹ̀ jù. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n, fífẹ̀ yẹn náà ló máa gbẹ́..."

Mi ò parí ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni mo béèrè ọ̀pá lọ́wọ́ àbúrò mi? Orúkọ ọkọ̀ ogun ló bò mí lójú, mo wá ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ò ní ṣe.

Mo pè é lórí fóònù, kò wọlé. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, kò wọlé. Bí ẹ̀rọ yẹn ò bá fa omi, inú ọkọ̀ lomi á kún. Bí òjò bá ṣú, àyà mi á já, bí ẹni pé Àpòmù ni òkun wà. Ìyá wa ń pè láràárọ̀: "Ṣé o ti gbúròó àbúrò ẹ?" Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ mọ́tò wá, ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí fóònù dún, àbúrò mi ni. Mo sáré bọ́ síta.

"Ẹ má lo búṣì yẹn!" Mi ò tilẹ̀ kí i.

"A ò lò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti wọ̀n ọ́n mọ́ ọ̀pá kí a tó gbéra. Ó fẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò pè mí? Ǹ bá gbẹ́ òmíràn!"

"Inú yín dùn sí i púpọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"Èwo lẹ wá ń lò?"

"Èyí tó ti jẹ náà ni. Ẹ̀rọ ò fa omi dáadáa mọ́, korobá la fi ń gbọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má..."

Fóònù já. Mo tún un pè, kò wọlé mọ́.

Mo padà wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló wí?" ni ìyá wa bi mí.

"Ó ní kí n kí yín."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́. "Búṣì tí o bá a ṣe ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́.